Ẹ Wí fún Westminster Pé Rélùwéè Ti Dé Mile 2

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kó èrò ní Marina, ó gba orí ọ̀sà kọjá, ó sì já wọn sí Mile 2 ní àlàáfíà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá, oṣù kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀, Rishi Sunak tó jẹ́ olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà dìde níwájú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ó ní ọkọ̀ ojú irin HS2 tó yẹ kó ti Birmingham lọ sí Manchester kò ní í lọ mọ́. Níbo ló ti sọ ọ́? Manchester ni. Nínú gbọ̀ngàn wo? Ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n tì pa ní ọdún 1969, tí wọ́n wá sọ di gbọ̀ngàn ìpàdé. Bí ẹni wọ ojúbọ Ògún, tó dúró sáàárín rẹ̀, tó wá ń kéde pé irin kò wúlò.

Ẹ̀yin ará Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ẹ jẹ́ ká gbéra ga díẹ̀. Ìgbà wo la tún fẹ́ rí irú ẹ̀ he?

Mile 2 tí à ń wí yìí náà kọ́ ni tírélà tó ń lọ sí èbúté Tin Can ti máa ń sun ojú títì mọ́jú? Ibẹ̀ náà kọ́ ni kọ̀ńdọ́ ti ń pe “Okoko! Agbára! Badagry!” pọ̀ bí ẹni pé ojú kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, tó sì ń kìlọ̀ pé “Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” kí o tó gbé ẹsẹ̀ kejì sínú dánfó? Ibẹ̀ ni ọkọ̀ oníná wá dúró sí, tí èrò ń fi káàdì Cowry kan ẹ̀rọ, tí ilẹ̀kùn ń dá ṣí, tó ń dá tì. Irin kẹta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé. Òun ló ń fún un ní iná, fóòtì 750. Iná o! Ní ìlú tí ọmọ ọwọ́ ti ń kígbe “Up NEPA!” kó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì kúkú mọ rélùwéè í ṣe nígbà kan. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin l'Ékòó. Nígbà tí ọdún 1901 wọlé, ọkọ̀ ti ń dé Ìbàdàn, ìrìn bíi 190 kìlómítà. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí katapílà. Ọwọ́ àwọn bàbá wa ni katapílà. Wọ́n wá dá iléeṣẹ́ HS2 sílẹ̀ ní ọdún 2009 láti la ọ̀nà láti London dé Birmingham, bíi 225 kìlómítà. Ìgbà tí Sunak fi máa dìde sọ̀rọ̀, ọdún mẹ́rìnlá ti kọjá, èrò kan ṣoṣo kò tíì wọ ọkọ̀ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìwé, ẹ má wulẹ̀ wádìí lọ títí: ohun tó mú iṣẹ́ yá ní 1896 ni pé ẹni tó ni ilẹ̀ kò ní ìbò. Kò sẹ́ni tó ní kí ará Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn dìbò kí wọ́n tó yàwòrán ọ̀nà l'Ékòó. (Ní 1897, bí wọ́n ti ń to irin yẹn lọ́wọ́, àwọn ará wọn kan náà lọ kó ìbòjú eyín erin Ìyá Ọba Ìdíà ní Ìbìní. Nígbà tí a fẹ́ fi ìbòjú ọ̀hún ṣe FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1977, a ní kí wọ́n yá wa. Wọ́n kọ̀. Ẹ rí i pé tó bá jẹ́ kíkó ni, wọn kì í falẹ̀.)

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ HS2 yìí, ti àdán ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní ẹkùn Buckinghamshire, igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Sheephouse Wood. Irú àdán kan tó ṣọ̀wọ́n ń gbé ibẹ̀, HS2 sì máa kọjá létí ilé rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní wọn kò gbọdọ̀ da àdán láàmú. Ni wọ́n bá ní àwọn á kọ́ ìbòrí tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà kan lé ojú irin lórí, kí àdán lè máa fò kọjá láìfarapa. Iye owó ìbòrí yìí? Ó ju 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ. Alága HS2 nígbà náà, Jon Thompson, ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó sì fi kún un pé kò sí ẹ̀rí pé ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré ń di àdán lọ́wọ́.

Ẹ má wí pé mo kórìíra àdán. Ẹ̀dá ọlọ́gbọ́n ni. Irú èyí tó ń jẹ kòkòrò yìí, etí ló fi ń ríran lóru: á ké, igbe náà á lu ohun tó wà níwájú, á padà sí i létí, á sì mọ bí ẹ̀fọn tó ń lé ti jìnnà tó. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn tó ń jẹ èso ti sọ igi ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ di ilé tipẹ́. Wọ́n dorí kodò, wọ́n ń wòṣe ẹyẹ, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Bí wọn kò bá ṣọ́ra pàápàá, wọ́n á bá ara wọn nínú ọbẹ̀. Èmi kàn ń rò ó ni: ìyá tó ń sun bọ̀lì nítòsí afárá Mile 2 kò rí agboòrùn gbà lọ́wọ́ ìjọba kankan, ẹ̀dá tó ń fò lóru nílùú Òyìnbó ti rí òrùlé kìlómítà kan.

Kí ni Sunak wá ní òun fẹ́ fi owó tó kù ṣe? Ó ní òun á mú bílíọ̀nù 8.3 pọ́n-ùn nínú rẹ̀ dí kòtò ojú títì. Kòtò! Ọkùnrin yìí ì bá ti yà sọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Badagry láti Mile 2 dé Okokomaiko ì bá ti sọ fún un pé bí o bá dí kòtò ọdún yìí, òjò ọdún tó ń bọ̀ mọ ibi tó máa tún gbẹ́ ẹ sí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rín tó pa wá kú, ẹ jẹ́ ká yẹ ilé tiwa wò. Àwọn ilé Jákáńdè ṣì wà ní Mile 2, ènìyàn ń gbé inú wọn dòní. Jákáńdè yìí kan náà, tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, ló bẹ̀rẹ̀ Metroline, ètò rélùwéè ìlú Èkó, ní ọdún 1983, tó gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ará Faransé. Ológun gbàjọba. Ní 1985, ìjọba Muhammadu Buhari fagi lé e, owó ará Èkó tó lé ní 78 mílíọ̀nù dọ́là bá a lọ. Ọdún 2009 ni ìjọba Gómìnà Fáṣọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ ti Marina sí Okokomaiko síta, wọ́n ní ó máa di 2011. Ó di ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 2023 kí Ààrẹ tó wá ṣí i. Ta ni Ààrẹ ọ̀hún? Muhammadu Buhari. Ó ṣí i, ó wọ̀ ọ́, ó bá wọn ya fọ́tò. Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Mi ò rí ẹlòmíràn tó pa rélùwéè ìlú kan tó tún pẹ́ láyé tó láti wá sọ àbúrò rẹ̀ lórúkọ.

Àwọn tó wá ṣe FESTAC ní 1977, Festac Town nítòsí Mile 2 ni wọ́n kọ́ fún wọn láti sùn, Tíátà Orílẹ̀-èdè ní Ìgànmú ni wọ́n ti ń ṣeré. Lónìí, ọkọ̀ ojú irin ń gbéra ní Mile 2, ó ń dúró létí tíátà ọ̀hún. Ọkọ̀ àlejò FESTAC ti dé nìyẹn. Ọdún 46 péré ló fi pẹ́.

Nítorí náà, kì í ṣe ọpọlọ ló sọ Mile 2 di ọ̀gá Manchester. Láti 2009 títí di 2023, gómìnà mẹ́ta ló jẹ l'Ékòó, agbo òṣèlú kan náà, ẹnì kan nínú wọn kò sì fagi lé iṣẹ́ irin yìí. Láàárín àkókò kan náà, olóòtú ìjọba mẹ́fà ló jẹ ní London. Ọ̀kan nínú wọn, Liz Truss, lo ọjọ́ 49 péré. Ìwé ìròyìn kan gbé ewé lẹ́tùúsì ka orí tábìlì láti wo èyí tó máa kọ́kọ́ rọ, lẹ́tùúsì ló borí. Ìlú tí olórí rẹ̀ kò tó ewé sáláàdì pẹ́ lórí oyè, irú rélùwéè wo ló fẹ́ parí?

Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tó dàgbà l'Ékòó, wà nínú ìgbìmọ̀ mínísítà Sunak lọ́jọ́ náà. Ó sì ti di olórí ẹgbẹ́ wọn láti oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ọmọ ọdún márùn-ún ni lọ́dún tí wọ́n pa Metroline. Nínú gbogbo wọn níbẹ̀, òun nìkan ló yẹ kó lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ bí ìlú ṣe ń rí lẹ́yìn irú ìkéde bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá fagi lé ọkọ̀ kì í tò sórí ìlà ní ibùdókọ̀. Ó ní ọlọ́pàá tó ń ṣáájú mọ́tò rẹ̀.

Ìdá kejì irin wa, láti Mile 2 dé Okokomaiko, ló kù. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2027 ni sáà Gómìnà Sanwó-Olú máa parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dupò rẹ̀, ẹ pa pípín owó, pọ́ńmọ́ àti ìrẹsì tì. Ẹ wá sí Mile 2, kẹ́ ẹ dúró níwájú wa, kẹ́ ẹ búra pé ẹ ò ní í fagi lé e.