Òdòdó Oṣù Mẹ́ta

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí o. ₦7,000 ni mo kà sọ́wọ́ obìnrin tó ń ta òdòdó létí títì, nítorí ewé kan tó tutù yọ̀yọ̀ nínú ìkòkò. Mo bi í bóyá ó máa tanná. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fún un lóṣù mẹ́ta péré." Mo gbé e lé itan nínú dánfó bí ọmọ tuntun, wọ́n sì gba owó ìjókòó méjì lọ́wọ́ mi.

Bí ohun kan bá ti yọrí láàárín rẹ̀, tó ká jọ bí ọ̀kùn tí wọ́n fọwọ́ kàn, màá pariwo pe ìyàwó mi pé òdòdó ti dé. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti tú, ó ti di ewé. Lóṣù kẹfà ni nǹkan róbótó-róbótó pupa rúsúrúsú wá tò sábẹ́ ewé, létí létí, bí ojú abẹ́rẹ́ létí aṣọ. Ìyàwó mi ní ẹyin kòkòrò ni. Mo tún ra oògùn apakòkòrò.

Àfi bí màámi ṣe ti Oǹdó dé. Wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wò mí. "Ṣebí èyí tó ń hù lára ọ̀pẹ bàbá rẹ nìyí?"

Ojú mi là. Bàbá mi á fi igbà gun ọ̀pẹ, wọn á máa fi àdá ha ewé yìí kúrò kí wọ́n tó dé ìdí ẹyìn, tòun ti èèrà ni í máa já lé mi lórí nísàlẹ̀. Èmi ni mo ń kó o dànù. Kọ́bọ̀, wọn ò fún mi!

Ọmọ mi tó wà ní SS2 ló wá parí ẹ̀. "Dádì, fern ni. Kì í tanná. Inú àwọn nǹkan pupa yẹn ni ẹ̀bu tó fi ń bí sí i wà." Ó ní irú wọn ti wà láyé fún ohun tó lé ní 300 mílíọ̀nù ọdún, kò sì sí ọ̀kan tó tanná rí. Obìnrin yẹn wá dá oṣù mẹ́ta fún mi!

Kì í tilẹ̀ ṣe àfòmọ́, kì í fa omi ara ọ̀pẹ mu. Ìdí imọ̀ tí wọ́n gé kù ló ń jókòó sí, níbi tí pàǹtí jíjẹrà ti ń mú omi òjò dání, lábẹ́ òjìji. Èmi gbé e sórí fẹ́ńsì, nínú oòrùn oṣù kẹta. Ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa gan-an, nítòsí gọ́tà, ewé náà bò ó látọrùn dé ìdí. Ẹnikẹ́ni ò bomi rin ín.

Nígbà tí mo ń sin màámi lọ sí gáréèjì, obìnrin náà rí mi. "Ọ̀gá, ṣé ó ti tanná?" Kí n tó lanu ìjà, ó ní, "Oríṣi mìíràn ti dé o, ìyẹn tètè ń tanná." Ọwọ́ mi ti wọ àpò kí màámi tó gbá a mú.