Ìyá Màá-Padà-Wá

Bí Ìyá Màá-Padà-Wá bá ń lọ sí ọjà Gbági n'Ìbàdàn, ibi tí aláṣọ kankan kò ti lè rí jíìpù rẹ̀ ló máa ń gbé e sí. Góòlù ọrùn ti wọ báàgì, gèlè tó ti ṣá ló wé, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́.

Kò ní í fọwọ́ kan léèsì tó wù ú. Ankárá ni yóò kọ́kọ́ tú palẹ̀, tí yóò máa yínmú sí i, kó tó wá ṣe bí ẹni tó ṣèèṣì rí léèsì náà. "Èyí ńkọ́? Eélòó ni?"

"60,000, Mọ́mì."

"Háà! 25,000 ni mo ní."

"Kò gbà bẹ́ẹ̀, Mọ́mì mi. Mo rà á jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Òótọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn: 35,000 ni aláṣọ rà á. Ìyá wa sì lè san 50,000 láìmikàn. Èrè 15,000 ló wà nílẹ̀ tí wọn ì bá jọ pín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ fi ikùn rẹ̀ han ẹnìkejì. Aláṣọ sọ̀ kalẹ̀ dé 45,000, ó búra pé òun ò jèrè. Ìyá gòkè dé 38,000, ó ní owó ọkọ̀ òun ló kù. Ló bá yíjú padà: "Màá padà wá." Ó ń rọra rìn, ó ń retí kí wọ́n pe òun. Aláṣọ ń retí kó yíjú wẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe tú ká nìyẹn.

Lọ́dún 1983, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Roger Myerson àti Mark Satterthwaite, fi ìṣirò hàn pé níbi tí olùtà àti olùrà bá ti fi iye tó wà lọ́kàn wọn pamọ́ fún ara wọn, tí kò sì sí ẹni tó ń fowó kún un fún wọn láti ìta, kò sí ọgbọ́n ìnájà tí ọjà tó yẹ kó tà kò ní í bàjẹ́ nígbà mìíràn. Myerson wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2007. Aláàárù Gbági ì bá ti sọ ọ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá ra irú léèsì kan náà ní 48,000 ní ìsọ̀ kejì. Ó ń sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé 90,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, ẹ má kí i ní "Ìyàwó Máníjà." Owó aṣọ á gbéra lójú ẹsẹ̀.