Ìjàpá Àgbà Ọnà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, nígbà tó ń gbé New Benin, nílùú Ìbíní.

Ìyá Ẹ̀gà ń hun àpò lọ́jà New Benin. Bàbá Agbọ́n ń da ère idẹ ní òpópónà Igun. Ìjàpá ò hun nǹkan kan, kò da nǹkan kan. Fóònù ló ní. Dátà kì í tán nínú rẹ̀, torí owó ọjà Yánníbo ló fi ń rà á.

Ní ọjọ́ kan, Ìjàpá tọ Ìyá Ẹ̀gà lọ. Ó ní, "Kóyo, ìyá mi. Iṣẹ́ yín dára, àmọ́ ta ló mọ̀ yín? Ṣé ẹ ò gbọ́ ti Rema ni? Ọmọ ìlú yìí ni. Ní 2018, ó kọ orin tirẹ̀ lé orin D'Prince, ó gbé e sórí Instagram. D'Prince rí i, ó ní kó máa bọ̀ l'Ékòó. Lónìí, ayé ń kọ orin rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ya iṣẹ́ yín, kí n gbé e síta fún yín. N ò ní gba kọ́bọ̀."

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Rema. Ìjàpá kàn gbàgbé láti sọ pé Rema fúnra rẹ̀ ló gbé ohùn ara rẹ̀ síta.

Ìyá Ẹ̀gà gbà. Bàbá Agbọ́n gbà.

Ìjàpá ya àpò, ó ya ère. Bàbá Agbọ́n ti fín orúkọ sí ìdí ère. Ìjàpá gé ìdí ère dànù nínú àwòrán. Ìyá Ẹ̀gà dárúkọ ara rẹ̀ nínú fídíò. Ìjàpá pa ohùn rẹ̀, ó fi ìlù dípò. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Láti ọwọ́ Ìjàpá Àgbà Ọnà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá."

Ọ̀bọ tẹ ọkàn pupa. Ẹkùn tẹ ọkàn pupa. Ewúrẹ́ tí kò tíì wò ó náà tẹ ọkàn pupa. Ẹgbẹ̀rún di ọ̀kẹ́. Ọlọ́ṣẹ sanwó fún Ìjàpá. Oníbẹ́ẹ̀tì sanwó fún Ìjàpá.

Ìyá Ẹ̀gà dé. "Ìjàpá, owó mi dà?"

"Ìyá mi, ayé ti rí iṣẹ́ yín. Ṣé ìyẹn kì í ṣe owó?"

Ìyá Ẹ̀gà bi í bóyá àwọn onígàrí New Benin ti ń gba "ayé ti rí i". Ìjàpá bílọ́ọ̀kì rẹ̀.

Bàbá Agbọ́n dé. Ó ní, "Àwọn òyìnbó tó kó ère ìlú yìí lọ ní 1897 pàápàá, wọ́n kọ orúkọ ìlú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní London. Jámánì ti ń dá èyí tó wà lọ́wọ́ wọn padà láti 2022. Ìwọ ńkọ́?" Ìjàpá bílọ́ọ̀kì òun náà. Ó tún sọ fáráyé pé ìlara ló ń dá baba arúgbó láàmú.

Òkìkí kàn dé ọ̀dọ̀ Erin. Erin fẹ́ ère orí ara rẹ̀. Owó tó pè pọ̀, àmọ́ ó ní lójú gbogbo ayé ni kí Ìjàpá ti dà á, kí fóònù máa gbé e jáde bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ojúkòkòrò ò jẹ́ kí Ìjàpá kọ̀.

Bẹ́ẹ̀, nígbà tó ń gé fídíò tó yà níbi iṣẹ́ Bàbá Agbọ́n, ó ti gé ibi tí wọ́n ti ń po amọ̀ dànù. Ó gé ibi tí wọ́n ti ń fi ìda mọ ojú àti imú. Ó gé ọjọ́ tí wọ́n fi sá a sóòrùn, àti ibi tí wọ́n ti fi iná yọ́ ìda jáde. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ní sùúrù wo ìyẹn. Ibi tí idẹ ti ń ṣàn pupa bí iná ló fi sílẹ̀. Ibẹ̀ nìkan lòun náà mọ̀.

Ọjọ́ pé. Ìjàpá po amọ̀ lówùúrọ̀, ó yọ́ idẹ lọ́sàn-án. Bó ti gbé ìkòkò idẹ sókè, Bàbá Agbọ́n dárin láàárín èrò:

Ìjàpá, ta ló po amọ̀?
*Gan-an-ran-gan, ère ń ké.*
Amọ̀ ọ̀hún, ṣé ó ti gbẹ?
*Gan-an-ran-gan, ère ń ké.*
Ìda inú rẹ̀, ta ló yọ́ ọ?
*Gan-an-ran-gan, ère ń ké.*
Bí ò bá gbẹ, má da idẹ!
*Gan-an-ran-gan, ère ń ké.*

Ìjàpá wojú fóònù, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ rí wọn, àwọn ọ̀tá mi ti dé." Ó da idẹ.

Omi inú amọ̀ tútù pàdé iná. Gbàù! Idẹ fọ́n ká, ó ta sí Ìjàpá lẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ sán yánnayànna. Ẹ ṣì ń rí àpá rẹ̀ títí dòní. Bàbá Agbọ́n ló sáré fà á kúrò nínú iná. Kò sẹ́ni tó ya ìyẹn. Gbàù ni wọ́n yà. Ọ̀bọ tẹ ọkàn pupa. Ẹkùn tẹ ọkàn pupa. Ewúrẹ́, ẹ mọ tirẹ̀.

Erin lọ sí Igun, ó san tirẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n dà. Ìjàpá ò pa péèjì rẹ̀ rẹ́. Ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí "Ìjàpá Tí Ayé Fẹ́ Pa", ó gbé nọ́ńbà báńkì síbẹ̀, àwọn tó ń tẹ̀lé e sì ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ.

Ẹ yẹ fóònù yín wò kí ẹ tó sùn. Bí ẹ bá wà lára àwọn tó ń tẹ̀lé Ìjàpá, ẹ yọ ara yín kúrò lálẹ́ yìí, kí ẹ sì ra àpò Ìyá Ẹ̀gà lọ́wọ́ Ìyá Ẹ̀gà.