Ìjàpá Tí A Ò Fọwọ́ Kàn Rí

Òun kì í ta mọ́tò. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún yín nìyẹn kí ẹ tó rí ibi jókòó: kì í ṣe owó lòun ń wá, ẹni tó mọ iyì ohun àtijọ́ lòun ń wá. Mọ́tò ọ̀hún wà lẹ́yìnkùlé lábẹ́ igi máńgòrò, Volkswagen ìjàpá tó ń ṣí orí, ogún bàbá rẹ̀. Ẹ ó rí irú ọkùnrin yìí ní Bódìjà, ẹ ó rí i ní Sùúrùlérè, níbi tí bàbá ti ṣiṣẹ́, tí ọmọ ń jẹ ogún. Kánádà ló ń lọ, ìyẹn ló ṣe fẹ́ tà á. Ó ti ń lọ kí Kòrónà tó dé.

Gbólóhùn kan ló fi ń jẹun: “A ò fọwọ́ kàn án rí.” Ọ̀dà tó ti ṣí, a ò fọwọ́ kàn án. Ìjókòó tí fóòmù ti yọjú níbẹ̀, a ò fọwọ́ kàn án. Aṣọ orí rẹ̀ tó ti ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, bó ṣe ti Jámánì dé nìyẹn, àfi tapólì tí wọ́n fi bò ó. Á fi ìka kan ra etí ilẹ̀kùn, ìpẹtà á dà sílẹ̀ bí gàrí, á gbọn ọwọ́ nù, á ní, “Fọ́ọ̀sì bọ́dì ni, ẹ̀gbọ́n.”

Irọ́ ni. Bàbá tó rà á fọwọ́ kàn án ní gbogbo Sátidé ayé rẹ̀: ó ń pa ọ́ìlì rẹ̀ dà, ó ń fọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó ń nu abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò fọwọ́ kàn án ni ọmọ tó ń tà á yìí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá, òjò ló ń wẹ̀ ẹ́, adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀. Ìmẹ́lẹ́ ara rẹ̀ ló sọ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì wá fowó lé e lórí. Irú wọn náà ló ni ilé tí òrùlé ti jìn sínú yàrá, tí wọ́n tún fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kì í ṣe títà.

Ẹ bèèrè iye tó fẹ́ tà á, fóònù ló máa yọ. Àwòrán ọ̀kan tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n kùn, tí wọ́n rán orí tuntun fún. Ó ti sọ dọ́là ibẹ̀ di náírà. Ẹni tó ń fi àìtúnṣe yangàn, owó èyí tí wọ́n tún ṣe ló ń bèèrè! Ojú kì í tì wọ́n.

“Mẹ́ta péré ló kù ní Nàìjíríà.” Ta ló kà á? Òótọ́ ni pé kò wọ́pọ̀: ilé iṣẹ́ Karmann ní Osnabrück, ní Jámánì, ló ń ṣe èyí tó ń ṣí orí, láti 1949 títí di 1980. Nítorí pé kò ní òrùlé irin tó máa di ara rẹ̀ mú, wọ́n fi irin kún abẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ méjèèjì. Ibẹ̀ gan-an ló ti jẹrà. Kí ẹni méjì jókòó sínú rẹ̀, ilẹ̀kùn ò ní pa dé mọ́. “Iṣẹ́ kékeré ni fún páńẹ̀lì-bítà,” ló wí. Iṣẹ́ kékeré, tí kò rí ṣe láti ọjọ́ yìí wá.

Ṣùgbọ́n ó ń rìn. Á búra fún yín pé ó ń rìn. Wọ́n á yá bátìrì lára mọ́tò aládùúgbò, á da epo díẹ̀ sí kabúrétọ̀, mọ́tò á wúkọ́, á sín, á gbà. Ẹ ó gùn ún dé ìkóríta, ẹ ó sì padà. Bí ẹ bá ní kẹ́ ẹ gba apá òkè, á rántí pé òun ní ìpàdé.

Ẹ̀yin tí ọkàn yín ṣì ń fà sí i, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè kí ẹ tó ka owó. Abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì ń gbé, ásíìdì a sì máa jẹ irin ibẹ̀. Bí ẹ bá ń wo ilẹ̀ láti ojú ihò ibẹ̀, iye irin àlòkù ni kí ẹ san, ẹ má fi kọ́bọ̀ kan lé e.