Ojú Ayé Pọ̀, Ta Ló Ń Wò?
Wọ́n ní ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé lè tú wò, àṣìṣe kì í pẹ́ níbẹ̀. Ká gbà bẹ́ẹ̀. OpenSSL, ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ni àgádágodo tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń tilẹ̀kùn. Ní 2014, ẹnì kan ṣoṣo ló fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ìtọrẹ ọdọọdún sì jẹ́ nǹkan bíi 2,000 dọ́là. Ibo ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Ibi tó ń jò ni. Ibi tí kò tíì jò, ó dọ̀la.

Ọ̀la yẹn ni Heartbleed, àṣìṣe kan nínú OpenSSL. Ẹni tó gbé ife gààrí kan wá á ní àpò kan lòun gbé wá, sáfà á sì wọn àpò kan fún un, tòun ti ọ̀rọ̀ìpamọ́ oníbàárà míì. Ọdún méjì gbáko ni àṣìṣe náà fi wà níbẹ̀! Ìgbà tí àṣírí tú làwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wá rántí pé àwọn lówó lápò.