Odò Tó Bojú Wẹ̀yìn

Àwọn àgbà ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Àdúrà ni wọ́n ń fi í ṣe fún ọmọ: kó máa lọ síwájú, kó má padà sẹ́yìn. Àwa ará Ìbàdàn ṣe àmín sí àdúrà náà, a sì sọ ọ́ di òfin ìdalẹ̀nù. Bí odò kì í bá bojú wẹ̀yìn, báwo ni yóò ṣe rí ẹni tó da ilẹ̀ sí i?

Bí òjò ṣe di akólẹ̀kódọ̀tí ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ẹ wo àdúgbò nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú. Ẹni tó yẹ kó sáré kó aṣọ lórí okùn, àpò ìdọ̀tí ló kọ́kọ́ ń sáré gbé. Màmá kan á fi nylon borí, á yọ́ dé etí gọ́tà, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á wá tú àpò náà sómi: háhá àgbàdo, nylon píọ̀ wọ́tà, pampers ọmọ tó fi ààwẹ̀ àti àdúrà tọrọ. Á tún fi igi tì í kó lè tètè lọ. Bàbá onílé tó wà lódìkejì kì í gbé àpò ní tiwọn; ẹni ńlá ni wọ́n. Páìpù ni wọ́n rì láti ẹnu sókàwéè dé gọ́tà. Bí ààrá bá ti sán, wọ́n á ṣí i.

Odò Ògùnpa ni gbogbo rẹ̀ ń bá lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò tí kì í bojú wẹ̀yìn bojú wẹ̀yìn. Òjò rọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́wàá. Omi dé abẹ́ afárá, ó bá ìdọ̀tí wa níbẹ̀ tó ti jókòó bí onílé. Kò rọ́nà kọjá, ló bá yà wọlé àwọn ènìyàn. Òkú tó sùn lé ní 100. Omíyalé ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ṣì ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya ìlú kan náà, ẹ̀mí tó bá a lọ tún lé ní 100. A sunkún, a ṣépè fún ìjọba. Nígbà tí òjò mìíràn ṣú, a gbé àpò.

Kò tilẹ̀ dìgbà tí omi bá yalé. Gọ́tà tó gbé ìgbẹ́ bàbá onílé ń gba ẹ̀gbẹ́ kànga aládùúgbò kọjá, ó sì ń jò sí i. A ò lè mu omi kànga mọ́, la bá ń ra píọ̀ wọ́tà. Bí a bá mu ún tán, nylon rẹ̀ ńkọ́? Ẹ mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ má sì sọ pé a kì í tún gọ́tà ṣe. Bí Sátidé ìmọ́tótó bá dé, gbogbo ilé á jáde nítorí wolé-wolé. A ó kó ẹrẹ̀ dúdú jáde nínú gọ́tà, a ó tò ó gègèrè sí etí gọ́tà kan náà, a ó ṣanwọ́, a ó lọ jẹ ẹ̀wà. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹrẹ̀ á padà sílé.

Ohun tó yẹ ká ṣe kò le. Ẹrẹ̀ gọ́tà, ẹ dì í sínú àpò kí akólẹ̀ gbé e lọ. Háhá àgbàdo àti èèpo iṣu, ewúrẹ́ àdúgbò ń wá wọn. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ rì í mọ́dìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ike omi àti ti ẹlẹ́rìndòdò, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tó ń rà á ń pariwo kiri. Ọ́ìlì tí ẹ tú lára jẹnẹrétọ̀, ẹ rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù fún mẹkáníìkì: ojú omi ni epo máa ń tẹ́ sí, kì í jẹ́ kí atẹ́gùn dé ọ̀dọ̀ ẹja. Pampers, ẹ dì í dáadáa, kẹ́ ẹ sì sanwó akólẹ̀. Sókàwéè tó kún, ẹ pe ọkọ̀ tó ń fà á. Ṣé yóò gbowó? Yóò gbowó. Ìsìnkú náà ń gbowó.

Àwọn àgbà kan náà ló ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Wọn ò sọ ohun tí ẹni tó da pampers síwájú yóò tẹ̀. Wọ́n rò pé a ò ní í béèrè.