Ẹṣin Iwájú Wà ní Pápá, Ti Ẹ̀yìn Wà ní Títì

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Kò sí òwe tí àwọn olówó ìwòyí fẹ́ràn tó èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fi ẹnu pa á. Ìwà wọn ló ń pa á. Ohunkóhun tí wọ́n bá rí lára ọlọ́kọ̀ Jámánì tàbí ti Amẹ́ríkà, àfi kó dé ara tiwọn. Èyí tó wá gbòde báyìí ni taya pápá, rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré ìje ọkọ̀, tí ilà ojú rẹ̀ kò tó nǹkan, tí òmíràn kò tilẹ̀ nílà rárá. Ẹni tó rà á ní Yúróòpù rà á nítorí pápá eré ìje tó ń lọ. Ẹni tó rà á níbí náà ní pápá lòun ń lọ. Pápá wo? Kò sí ọ̀kan ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tó ṣe é fi wé pápá Kyalami ní South Africa, bẹ́ẹ̀ Kyalami ọ̀hún gan-an, ọdún 1993 ni wọ́n ti sá eré Formula One níbẹ̀ kẹ́yìn. A jẹ́ pé taya náà ti dé ibi tó ń lọ láti ìgbà tí wọ́n ti dè é mọ́ ọkọ̀: títì ni, pẹ̀lú kòtò rẹ̀, bọ́ǹpù rẹ̀ àti màlúù tó ń dá a kọjá.

Òwe náà kò lẹ́bi. Ó ní kí ẹṣin ẹ̀yìn wò kó tó sáré, ohun tí ojú sì lè wò lára ẹṣin pọ̀. Àwọn onítaya wa ń wo ìrù tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, wọn kò wo pátákò, ká má tíì sọ ilẹ̀ tí pátákò ń tẹ̀. Àwọn tó gun ẹṣin ní agbègbè Òkè-Ògùn wa yìí láyé àtijọ́ kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbòho tí kò jìnnà sí Àgọ́-Àmọ́dù ni olú-ìlú Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó ti lé ní irínwó ọdún báyìí. Nínú ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀, Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ tó jọba níbẹ̀ a máa so ewé mọ́ ìrù ẹṣin ogun rẹ̀ kó lè máa gbá ojú ẹsẹ̀ wọn rẹ́. Ẹ ò rí nǹkan: ìrù ẹṣin gan-an, iṣẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi rán an. Ní 1840 ẹ̀wẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin tí gbogbo ọ̀dàn ń bẹ̀rù sọ̀ kalẹ̀ dé Òṣogbo, níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì ṣẹ́gun wọn. Ẹṣin kan náà ni, ilẹ̀ ló yàtọ̀.

Kí ni taya wà fún? Bí ilẹ̀ bá gbẹ, rọ́bà tó fẹ̀ tó sì rọ̀ máa ń di títì mú ṣinṣin. Ìdí nìyẹn tí àwọn asáré fi ń fẹ́ taya tí kò nílà: bí ilà bá ṣe kéré tó ni rọ́bà tó ń kan ilẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ilà ojú taya kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nítorí omi ni wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sójú títì, inú ilà wọ̀nyẹn ni omi ń gbà jáde kí rọ́bà tó lè kan ọ̀dà. Bí omi kò bá rí ọ̀nà lọ, yóò gbé taya sókè, ọkọ̀ á máa yọ̀ lórí omi, bíréèkì àti sítíárì á sì di ohun ìṣeré lọ́wọ́ awakọ̀. Rọ́bà pápá tún ní ìnira mìíràn: àfi kí ara rẹ̀ gbóná kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Nínú Formula One, aṣọ oníná ni wọ́n fi ń bo taya kí wọ́n tó dè é mọ́ ọkọ̀, tí yóò ti gbóná dé 70°C. Ẹni tó ń rọra yẹ kòtò kiri láàárín Ṣakí àti Àgọ́-Àmọ́dù kò ní mú taya gbóná títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, àwọn asáré yẹn, tí wọ́n ń gba owó gọbọi láti fi ẹ̀mí wéwu, á yára kúrò ní pápá lọ pààrọ̀ taya. Taya òjò tí Pirelli ń ṣe fún wọn, ẹyọ kan lè da omi tó lítà 85 nù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bí ọkọ̀ bá ń sáré 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹṣin iwájú nìyẹn o. Ó ti bọ́ taya pápá kúrò nígbà tí òjò kọ́kọ́ kán; ti ẹ̀yìn ló wọ̀ ọ́ lọ sí Ìsẹ́yìn nínú oṣù Keje.

Ọ̀nà tó lọ sí pápá ló tilẹ̀ léwu ju pápá lọ, ó sì ti pẹ́ tí ayé ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955, James Dean, òṣèré fíìmù ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ẹni ọdún 24, ń lọ sá eré ìje ní Salinas, California, pẹ̀lú Porsche 550 Spyder tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ètò tí wọ́n ti ṣe ni pé orí tírélà ni ọkọ̀ náà yóò wà títí dé pápá. Rolf Wütherich, mẹkáníìkì rẹ̀, wá gbà á nímọ̀ràn pé kó wà á fúnra rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì tuntun náà lè rìn díẹ̀. Ọlọ́pàá dá a dúró lọ́sàn-án fún eré àsápajúdé, wọ́n kọ ìwé fún un, ó tún ń lọ. Ní oríta kan nítòsí Cholame, Ford kan yà síwájú rẹ̀, wọ́n kọlura, Dean kú. Ọkọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń fa tírélà òfìfo. Kò sẹ́ni tó ní taya ló pa á, èmi náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé pápá kò ní oríta. Gbogbo ọkọ̀ inú pápá ibì kan náà ni wọ́n kọjú sí, kò sẹ́ni tó fẹ́ yà sóko. Àwọn asáré tó gbọ́n ń fi tírélà gbé ọkọ̀ lọ, tàbí kí wọ́n fi taya ojú ọ̀nà wà á dé ẹnu pápá, kí wọ́n tó pààrọ̀. Tírélà àti taya kejì yìí gan-an ni àwọn aláfarawé wa fi sílẹ̀ lókè òkun. Bóyá nítorí pé kò dùn ún wò nínú fọ́tò ni.

Taya náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2013, Paul Walker, òṣèré Fast & Furious, kú ní Santa Clarita nínú Porsche Carrera GT tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Roger Rodas ń wà; Rodas náà kò yè é. Ìwádìí àwọn agbófinró ní eré wọn wà láàárín 129 sí 150 kìlómítà ní wákàtí kan níbi tí òfin ti gba nǹkan bí 72, pé taya tó ti pé ọdún mẹ́sàn-án sì wà lára ohun tó fa ìjàǹbá náà. Ọkọ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ẹgbẹ̀ta ẹṣin, taya gbígbó ló fi ń rìn! Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, bí ará yòókù bá rójú wo kòtò. Níbí, láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ taya ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà, tókúnbọ̀ ló gba ọjà. Taya àlòkù wà nínú ìwé ẹrù tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀, ṣùgbọ́n Ṣakí kò jìnnà sí ẹnubodè Benin, bẹ́ẹ̀ yíyí ni taya ń yí. Òfin Bìrìtéènì kò gbà kí ilà ojú taya jìn dín ní 1.6 mílímítà. Èyí tó bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀ tí wọ́n bọ́ sọnù lọ́hùn-ún, ẹnìkan ń bẹ níhìn-ín tó ń ná an. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ taya: 1421 ń sọ pé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó mọ agbára ọkọ̀ rẹ̀ lórí bí ẹni mọ oríkì kò bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà yìí rí.

Wọ́n á ní olówó ni mo dájú sọ. Ọlọ́kadà ọjà Àgọ́-Àmọ́dù tí taya rẹ̀ ti jẹ dé wáyà ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Taya ọlọ́kadà náà kò dára, ó sì yẹ kí Road Safety dá a dúró. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí kúkú ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká nídìí rẹ̀, ọdún 11 kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tiwọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n títì ló jẹ taya ọlọ́kadà, òun kò sì rówó ra òmíràn. Ẹni tiwa ló fi owó ńlá ra taya tí kò nílà. Àwọn tó mọ̀wé jù bẹ́ẹ̀ á ní Michelin Pilot Sport Cup 2 àti irú rẹ̀ ní òǹtẹ̀ òfin, pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn ló ń dè é mọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni. Òǹtẹ̀ ní òfin gbà á ní títì, kò ní òjò gbà á, àwọn tó ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an sì ń kìlọ̀ pé kí awakọ̀ dín eré kù nínú omi. Àtakò tó le jù ni ti ẹ̀ẹ̀rùn. Òkè-Ògùn kì í ṣe Èkó. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta, òjò kì í sábà rọ̀, taya pápá a sì máa di ọ̀dà gbígbẹ mú ju taya lásán lọ. Mo gbà fún ẹni tó bá ti ní taya mìíràn nílẹ̀ de oṣù Kẹrin. Ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ yẹn náà ni eruku ń bo títì, eruku sì ni rọ́bà rírọ̀ náà máa dì mú. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tí wọ́n tún ṣe, kìlómítà 65, dára ní tòótọ́. Ìyẹn gan-an ló ń mú kí àwọn kan rò pé àwọn ti rí pápá.

Ó ku “owó mi ni, ẹ̀mí mi ni.” Ẹni tó bá wọ pápá eré ìje ti fọwọ́ sí ìwé pé òun gba ewu. Ọkọ̀ aláìsàn ń dúró dè é, wọ́n to taya ògbólógbòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, àwọn òǹwòran sì jókòó sí òkèèrè. Láàárín Àgọ́-Àmọ́dù àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ọmọ ilé ìwé ń rìn létí títì, darandaran ń da màlúù kọjá, ọlọ́kadà gbé aláboyún lọ sí ọsibítù. Kò sẹ́ni tó gbé ìwé kankan fún wọn láti fọwọ́ sí.